Ọkọ̀ epo méjì tó ń fara kanra lójú òkun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà atukọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ agbépo ni mo ń bá ṣiṣẹ́ lójú òkun Èkó. Èmi ni mo ń bójú tó okùn àti fẹ́ńdà, ìyẹn rọ́bà ńlá tí kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ méjì gbára, tá a bá fẹ́ gba epo lára ọkọ̀ ńlá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì ò jà rárá, àmọ́ ìgbì gígùn tó máa ń ti gúúsù wá lóṣù Keje yìí ń gbé wa sókè sódò. Nígbà tá a sún mọ́ ọkọ̀ ńlá náà dáadáa, ọkọ̀ wa ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ sára tiwọn. Mo mọ ohun tó fà á: omi tó ń sáré gba àlàfo tóóró kọjá láàárín ọkọ̀ méjì ló máa ń fà wọ́n mọ́ra. Fẹ́ńdà tó ga ju èèyàn lọ fún pọ̀ pẹrẹsẹ lójú mi. Díẹ̀ ló kù kí irin kan irin. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ní ọ̀túnla, a tún fẹ́ lọ gba epo, pẹ̀lú tọ́ọ̀gì kan ṣoṣo, ìyẹn ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń ti ọkọ̀ ńlá tàbí tó ń fà á. Ìgbì tó ga tó mítà mélòó lẹ fi máa ń dáwọ́ dúró? Ṣé kí ọkọ̀ ńlá máa rọra rìn ló dáa, àbí kó ju ìdákọ̀ró?

Mo mọ̀ pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí iṣẹ́ dúró. Àmọ́ ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀gá ọkọ̀ wa sì tó bàbá bí mi. Báwo ni mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.