5G, Starlink àbí fáìbà: èwo ni kí n mú ní Kubwa?
Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé. Ráútà 5G mi ń sáré dáadáa láàárọ̀, àmọ́ tí àdúgbò bá ti dé láti ibi iṣẹ́, fídíò á kàn máa yí róbótó lójú kan. Alẹ́ gan-an ni mo sì ń bá ọ̀gá mi ní Amẹ́ríkà ṣèpàdé! Mo ti gbé e sójú fèrèsé. Èrò ló pọ̀ lórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń wá láti sátẹ́láìtì, wù mí, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ fẹ́ ojú ọ̀run gbalasa, igi máńgòrò onílé sì bo òrùlé. Ó tún ń jẹ iná ju ráútà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lò ó lórí ínfátà kékeré, ṣé ó máa ń gbé e mọ́jú? Àbí kí n ní sùúrù de fáìbà, ìyẹn íńtánẹ́ẹ̀tì oníwáyà, tí kò tíì dé òpópónà wa? Ẹni tó ń lò ó ni kó dáhùn o, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.