Adágún oòrùn mi kò gba ooru dúró mọ́

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn tó bá mi gbẹ́ adágún oòrùn mi, ìyẹn adágún omi iyọ̀ tó ń kó ooru oòrùn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, fi iṣẹ́ falẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó tẹ́ ọ̀rá dúdú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní láti tún un tẹ́, ẹni tó ta iyọ̀ fún mi kò sì kó o dé lásìkò. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, omi ìsàlẹ̀ gbóná dé 62 °C, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan sẹ́yìn ló ti ń tutù, kò kọjá 38 °C mọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń mú ganrínganrín. Ṣé kí n tún da iyọ̀ sí i ni?

Ọmọ ẹgbẹ́ kìíní: Ẹ má tíì da nǹkan kan sí i. Ẹ ròyìn gbogbo ènìyàn tán, ẹ kò sọ bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Omi tó bá gbóná a máa fúyẹ́, a sì fẹ́ gòkè; iyọ̀ tó pọ̀ nísàlẹ̀ ló ń mú un wúwo tí kò fi lè gbéra. Omi òkè kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 2 sí 4 nínú 100 lọ, ti ìsàlẹ̀ sì yẹ kó tó 20 ó kéré tán, kí ti àárín máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jìn. Ìpele àárín yìí ni ìdérí tó ń bo ooru mọ́lẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ kejì: Ewédò ló ba tèmi jẹ́. Mo fi okùn so àwo funfun, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi, n kò sì rí i mọ́ kó tó jìn dé mítà kan. Ìmọ́lẹ̀ tí kò dé ìsàlẹ̀ kò lè mú ìsàlẹ̀ gbóná.

Ọmọ ẹgbẹ́ kẹta: Wọn kò béèrè ọ̀rọ̀ ewédò. Adágún kékeré ni tiwọn, ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń fa ooru lọ. Èyí tí wọ́n ṣe sí Bhuj ní Íńdíà, tó fún ilé iṣẹ́ wàrà ní omi gbígbóná nígbà kan rí, fẹ̀ tó 6,000 mítà ní ìwọ̀n igun mẹ́rin.

Ọmọ ẹgbẹ́ kìíní: Bó bá jẹ́ kíkéré ni, kò ní dé 62 °C rárá. Báwo ni ẹ ṣe ń fa ooru rẹ̀ jáde?

Olùbéèrè: Omi mi mọ́ gaara, mo sì ti kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oṣù tó kọjá ni mo gbé pọ́ǹpù sí i. Ó ń fa omi ìsàlẹ̀ kọjá nínú páìpù tó wà nínú àgbá omi ilé, ó sì ń dá a padà sí adágún. Mo gbé ẹnu páìpù náà sí etí adágún, lókè omi, kí n lè máa rí i pé ó ń ṣàn.

Ọmọ ẹgbẹ́ kìíní: Ibẹ̀ gan-an ni! Omi iyọ̀ wíwúwo tí ẹ ń dà sórí omi fífúyẹ́ ń ya ìpele àárín kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìsàlẹ̀ náà ló yẹ kó padà sí, láti ẹnu páìpù tó fẹ̀, kó máa rọra tú jáde. Ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ bu omi wò ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá.

Olùbéèrè: Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí. Láti ojú omi dé mítà kan àbọ̀, ìdá 14 nínú 100 ni níbi gbogbo. Kò sí ìpele àárín mọ́ rárá.

Ọmọ ẹgbẹ́ kìíní: Ó di dandan kí ẹ tún un kọ́. Ẹ rọra fi omi iyọ̀ tó le kún ìsàlẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ẹnu páìpù tó fẹ̀ bọ ibi tí ìpele àárín yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa tú omi tí kò níyọ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì máa gbé ẹnu rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà méjì bí ojú omi bá ti fi sẹ̀ǹtímítà kan ga.

Olùbéèrè: Mo ti pa pọ́ǹpù. Mo ń po omi iyọ̀ náà lọ́wọ́ nínú àgbá.