Tábìlì onígi àti ìdérí fún táǹkì ẹja: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adẹ́ja_Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní táǹkì ẹja onígíláàsì kan: gígùn rẹ̀ 90 sẹ̀ǹtímítà, ìbú àti gíga rẹ̀ 45. Orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n ló wà, tábìlì yẹn sì ti ń tẹ̀ láàárín. Mo fẹ́ kan tábìlì onígi tuntun fún un, pẹ̀lú ìdérí tí màá fi iná sí. Igi wo ni kí n rà? Ṣé plywood nìkan lè gbé e?

Baba_Káfíńtà
Ẹ kọ́kọ́ fa omi rẹ̀ dé ìdajì lónìí ná. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táǹkì yín ń gba bíi lítà 180. Tí ẹ bá ka gíláàsì àti òkúta wẹẹrẹ ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, ó ń lọ sí àpò sìmẹ́ńtì 5 lójú kan ṣoṣo.

Ìrókò 2 by 4 ni kí ẹ fi ṣe ẹsẹ̀ àti férémù. Èyí tó ká mi lára jù rèé: orí ẹsẹ̀ gan-an ni kí igi òkè jókòó lé, igi lórí igi. Àwọn káfíńtà kan máa ń kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á fi ìṣó mẹ́ta dè é. Ìṣó ló ń gbé omi nìyẹn o, kì í ṣe igi! Kí ẹ sì kan plywood mọ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kó má baà máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Ìyá_Ìbejì
Òótọ́ ni Baba sọ, àmọ́ ìrókò ti wọ́n. Ọ̀gànwó náà á gbé e dáadáa. Ẹ má fi arère ṣe ẹsẹ̀, ikán kì í pẹ́ wọ̀ ọ́. Ìdérí ni kí ẹ fi ṣe, torí ó fúyẹ́, ọwọ́ kan lẹ ó máa fi ṣí i tí ẹ bá fẹ́ fún ẹja lóńjẹ.

Mo bẹ̀ yín, oògùn ikán kò gbọdọ̀ kan inú ìdérí. Ooru omi á gòkè lọ bá a, á sì kán padà sórí ẹja. Ọ̀dà funfun ni kí ẹ fi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi sílẹ̀ títí òórùn rẹ̀ á fi tán pátápátá. Kí ẹ lu ihò sẹ́yìn rẹ̀ kí ooru iná lè jáde.

Ọmọ_Ọ̀ṣun
Ẹ̀gbọ́n, ní ti plywood, èyí tó nípọn lè gbé e tí wọ́n bá kàn án bí àpótí, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ etí rẹ̀, ó wú nìyẹn. Férémù onígi ló fọkàn balẹ̀. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó kí ẹ tó gbé táǹkì lé e, kí ẹ tẹ́ fóòmù fẹ́lẹ́ sábẹ́ gíláàsì. Ẹ jẹ́ kí wáyà iná rọ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè padà wọ ibẹ̀, kí omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀.

Adẹ́ja_Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an, Baba, Ìyá wa, àbúrò. Mo ti fa omi náà. Ọ̀gànwó ni màá béèrè ní ọjà pákó Bódìjà lọ́la, màá sì dúró ti káfíńtà náà nígbà tó bá ń gbé igi òkè lé ẹsẹ̀.