Orúkọ wa nínú ìwé ẹgbẹ́: ẹ sọ èyí tó ṣojú yín

Ẹlówó Àtijọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Kò sẹ́ni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn nínú wa, ì báà ṣe ti eré ìdárayá, ti fọ́tò yíyà, ti òdòdó gbígbìn. Lọ́jọ́ tá a bá wọlé, wọ́n á gbé fóòmù fún wa, a ó kọ ọ́ kún, ó parí náà nìyẹn. Ibo ni fóòmù ọ̀hún ń wọlé sí? Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣí i.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó ẹyọ àtijọ́ jọ ni mo wà. Lọ́dọọdún, akọ̀wé máa ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tó ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àdírẹ́sì ilé wọn, nọ́ńbà fóònù, àti irú owó tí kálukú ń kó. Èrò rere ló wà nídìí ẹ̀: ẹni tó bá ní irú kan ní méjì á mọ ẹni tí òun lè bá ṣe pàṣípààrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí. Ó pe orúkọ mi pé, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun gbọ́ pé mo ní owó fàdákà, ṣé ilé ni mo ń tọ́jú wọn sí àbí báǹkì? Ara fu mí. Ta ní ń béèrè irú ẹ̀? Mo ní mo ti tà wọ́n tipẹ́. Ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ni mo bá lọ ṣí ìwé ẹgbẹ́, mo wo ibi tí orúkọ mi wà: orúkọ, ilé, fóònù, "fàdákà". Gbogbo ohun tí olè ń wá kiri, a ti bá a tò ó sójú ìlà kan.

Mo gbé e lọ sípàdé. Àwọn kan ní òjìji ara mi ni mò ń bẹ̀rù. Àwọn tó ní nǹkan gidi nílé ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn ìpàdé ni wọ́n ń wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé tó jáde tẹ̀ lé e, orúkọ àti irú owó nìkan ló kù, pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo, ti akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, akọ̀wé á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó ń falẹ̀ díẹ̀, ká má purọ́, ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ ò dúró. Àwọn ìwé àtijọ́ tó ti wà káàkiri ilé àwọn èèyàn ló ṣì ń dùn mí. Ẹyin lohùn, ni wọ́n wí. Ìwé títẹ̀ náà, ẹyin ni.

Akọ̀wé Chess

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní tiwa, olè kọ́ ni wàhálà, ipò tó ń yí ọwọ́ ni. Akọ̀wé kan á lọ, òmíràn á dé, àkọsílẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Orí Google Sheets, ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ máa ṣí, ni orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà. Nígbà tí mo gbapò, lìǹkì kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, wọ́n ní òun nìyẹn. Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí mi ò fi orúkọ mi wọlé rárá, ó ṣí gbayawu. "Ẹnikẹ́ni tó bá ní lìǹkì" ni wọ́n fi í sí látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ti kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó sì ti ń ta ayò fún ẹgbẹ́ mìíràn ṣì lè wọlé kó ka orúkọ wa.

Àyè kan wá wà lápá ọ̀tún tí wọ́n pè ní "Àkíyèsí". Ẹ gbà mí! "Ó ní wárápá." "Má béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ti pínyà." "Ó máa ń bínú bó bá pàdánù." Obìnrin yẹn ṣì ń wá ta ayò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì mọ̀ pé gbogbo ìgbìmọ̀ tó ti jẹ látẹ̀yìnwá ló ti ka ọ̀rọ̀ ilé òun.

Mo pa àyè náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá láṣẹ láti tún nǹkan ṣe nínú fáìlì yẹn ṣì lè lọ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nínú ìtàn àtúnṣe rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á padà jáde kedere. Kí n tó bọ́ nínú ẹ̀, mo ní láti ṣe ẹ̀dà tuntun tí kò ní ìtàn kankan, kí n pa ògbólógbòó rẹ́, kí n sì tún sọ pàǹtírí inú Drive, ibi tí Google ń kó fáìlì sí, dànù, torí ó lè wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ní báyìí, orúkọ, ímeèlì, ipele tí èèyàn ń ta, àti bóyá ó ti sanwó, ó tán. Ọjọ́ ìbí tí a fi ń kí èèyàn, ọjọ́ àti oṣù nìkan. Kí la fẹ́ fi ọdún ṣe?

Asáré Òwúrọ̀

Ẹgbẹ́ asáré la wà, áàpù kan ló sì ń ya ọ̀nà tí kálukú bá sá lé lórí máàpù. Olùkọ́ wa ní kí gbogbo wa wà nínú ẹ̀ kí òun lè máa rí bá a ṣe ń ṣe sí. Èmi obìnrin, mo ń dá sáré ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìlà mi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó sì ń parí síbẹ̀, pẹ̀lú wákàtí.

Ọkùnrin kan wọ ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í "ṣèèṣì" pàdé mi ní kọ́nà tí mo ti máa ń yà. Mo yí àkókò padà, ó tún ṣèèṣì. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ló sọ pé kí n jẹ́ ká jọ wo máàpù. Ó wò ó títí, kò lè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ló kó gbogbo wa jọ, ó sì fi hàn wá bá a ṣe ń fi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìrìn pa mọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ lo áàpù ń kọ iye kìlómítà rẹ̀ fún un lásán.

Bó bá jọ ẹnikẹ́ni lójú pé àsọdùn ni, Strava, ọ̀kan nínú irú áàpù yìí, gbé máàpù kan síta lọ́dún 2017 tó fi ibi táwọn èèyàn ti ń sáré káàkiri ayé hàn. Nígbà tó fi máa di January 2018, àwọn èèyàn ti rí i pé ó ń tú àṣírí bárékè àwọn ológun, torí àwọn sójà náà ń fi áàpù sáré. Bí tológun bá lè tú, tẹnu ọ̀nà mi ńkọ́?

Bàbá Ọgbà

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àbúrò, ẹ ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí di bàbàrà. Àwa tí à ń gbin òdòdó ò pọ̀, a mọ ara wa délé. Ká ní a ò kọ nọ́ńbà ẹbí kálukú sílẹ̀ ni, mi ò mọ ohun tá à bá ṣe lọ́jọ́ tí obìnrin kan dákú lójú wa. Fóònù rẹ̀ tì pa. Inú ìwé alága la ti rí nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ló sì sọ fáwọn dókítà oògùn tí ara ìyá rẹ̀ kì í gbà. Ṣé ká má gba irú ẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ni?

Ọmọ Kẹ̀kẹ́

Bàbá, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbà á. Bá a ṣe ń ṣe tiwa rèé: bá a bá fẹ́ gbéra, kálukú á kọ nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ àti àìsàn tó bá yẹ ká mọ̀ sínú ìwé kékeré, á fi sínú àpòòwé, á lẹ̀ ẹ́ pa, á kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣíwájú ló ń kó wọn sápò. Bá a bá padà dé, kálukú á gba tirẹ̀. Ẹnì kan ṣubú lọ́jọ́ kan, ejìká rẹ̀ yẹ̀. Olórí wa ya àpòòwé rẹ̀, ó ka nọ́ńbà, ó pè, ó dá ìwé padà sínú ẹ̀. A ò tíì mọ ohun tó kù nínú ìwé yẹn dòní, kò sì kàn wá.

Mo Ti Kúrò

Mo ti fi ẹgbẹ́ ayàwòrán wa sílẹ̀. Kò síjà, àyè ni kò sí. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi. Akọ̀wé wa ti ṣi orúkọ mi kọ nígbà tí mo wọlé, lẹ́tà kan ló fò. Orúkọ tí lẹ́tà kan fò lára rẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn onítajà fi ń kí mi. Wọn ò lè bá mi jiyàn ibi tó ti jò: ìgbìmọ̀ ti kó orúkọ wa fún onígbọ̀wọ́ nítorí ẹ̀bùn ìdíje.

Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fún mi ní ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa mi, kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n fún, kí wọ́n sì pa èyí tí wọn ò nílò rẹ́. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. GDPR, òfin ilẹ̀ Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, fún ẹni tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kan láti fèsì, kò sì yọ ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ torí pé ọ̀fẹ́ ni akọ̀wé ń ṣiṣẹ́. Nàìjíríà náà ní tirẹ̀ láti ọdún 2023. Bí àkọsílẹ̀ bá jò lọ́nà tó lè kó bá èèyàn, òfin méjèèjì ní kí wọ́n sọ fún aláṣẹ láàárín wákàtí 72.

Akápò ló fèsì, ó sì ṣe dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú ohun tó fi ránṣẹ́ ni mo ti rí ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ mi, èyí tí wọ́n gbà nígbà ìdíje àwọn àgbà kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti dàgbà tó. Ṣebí kí wọ́n wò ó, kí wọ́n dá a padà ni! Wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n sì ti kọ̀wé sí onígbọ̀wọ́. Àkọsílẹ̀ owó tí mo san nìkan ni wọ́n ní àwọn máa fi sílẹ̀, torí ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ pé. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹlówó Àtijọ́

WhatsApp ńkọ́? Gbogbo wa là ń rí nọ́ńbà ara wa níbẹ̀.

Akọ̀wé Chess

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, ẹni tẹ́ ẹ bá sì yọ kúrò, gbogbo ohun tó ti wà lórí fóònù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwa gbé ìkéde lọ sínú Community, ibi tí WhatsApp ti ń kó gúrúùpù mélòó kan pọ̀ sójú kan, torí níbi ìkéde tibẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í rí nọ́ńbà ara wọn bí wọn ò bá ti ní in lórí fóònù wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn kan bínú pé ibẹ̀ ti dákẹ́ jù, pé wọn ò rí ibi dápàárá mọ́. Wọ́n dá gúrúùpù tiwọn sílẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́. Èmi ò sí níbẹ̀.