Èsì lórí “ìgbà”, “apá” àti “sáà”: kí la ó pe ánímè tó tún padà dé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fẹ́ kọ̀wé lórí ohun tó ń mú kí ánímè (eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànì) ṣónẹ̀n, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, dùn ún wò nígbà tó bá tún padà dé. “Ìgbà kejì” ló kọ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “season two”. Àgbà kan ní “apá kejì” ni kó pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sára fíìmù wa. Ẹlòmíràn ní “sáà kejì”. Láti girama ni mo ti ń wo ánímè, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

“Ìgbà kejì” kò lè ṣiṣẹ́. Bí mo bá ní mo wo ánímè Naruto nígbà kejì, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé mo tún un wò. A sì nílò “ìgbà” fún nǹkan mìíràn: ní Jàpáànì, oṣù kìíní, oṣù kẹrin, oṣù keje àti oṣù kẹwàá ni ọ̀wọ́ ánímè tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, orúkọ ìgbà òtútù, ìgbà ìrúwé, ìgbà ẹ̀rùn àti ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí “ìgbà” jókòó sí.

Ní ti “apá”, ẹ rántí ohun tó jẹ́ nínú fíìmù wa: fíìmù kan ṣoṣo tí wọ́n gé sí méjì níbi tó ti ń dùn bọ̀, kí a lè padà wá ra kásẹ́ẹ̀tì kejì. Ánímè Bleach parí ní oṣù kẹta ọdún 2012 lẹ́yìn ìran 366, ó di oṣù kẹwàá ọdún 2022 kó tó padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó dúró ti ń kàwé fúnra rẹ̀. Apá wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó bá ìkejì rẹ̀? (Mo ń lo “ìran” fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń jáde lọ́sẹ̀. Ìran ni à ń wò, òǹwòran sì ni wá.)

“Sáà” ni mo fara mọ́. Sáà gómìnà, sáà ilé ìwé, gbogbo wọn ló ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n parí. Àwọn ará Jàpáànì náà ń ka tiwọn ní “ki”, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí sáà rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní “hen”, èyí tí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà nínú wa. Hen ni odindi wàhálà kan nínú ìtàn gígùn, láti ibi tó ti bẹ́ sílẹ̀ títí tó fi yanjú. “Abala” ni mo dábàá fún un.

Ẹ wo Kimetsu no Yaiba (Demon Slayer), ìtàn àwọn tó ń fi idà pa ẹ̀mí èṣù. Sáà kìíní rẹ̀ jáde ní 2019, ìran 26. Ní 2020, abala ọkọ̀ ojú irin di fíìmù fún sinimá. Ní oṣù kẹwàá 2021 wọ́n gé fíìmù yẹn sí ìran fún tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ọ̀kan tuntun ṣáájú, ó di méje. Ní oṣù kejìlá ni abala Yoshiwara, àdúgbò àwọn aṣẹ́wó, bẹ̀rẹ̀, ìran 11. Àwọn kan ka méjèèjì pọ̀ mọ́ sáà kejì, àwọn kan kà wọ́n lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ abala ni a ń kà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Abala Yoshiwara yìí ni mo máa ń fi dáhùn bí wọ́n bá bi mí pé kí ló ń mú ṣónẹ̀n dùn. Gyutaro àti Daki, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ni ọ̀tá ibẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ bẹ́ orí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó lè kú. Uzui, akọni tó ṣáájú ogun náà, pàdánù ọwọ́ kan àti ojú kan, ó sì fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ìran tó kẹ́yìn gbé idà sílẹ̀, ó padà sí ìgbà tí àwọn ọ̀tá náà jẹ́ ọmọ tálákà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n jọ wọnú iná. Mo sunkún fún àwọn tí mo ti ń gbàdúrà kí wọ́n kú láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Sáà tó jáde ní 2024, ìran mẹ́jọ, àwòrán rẹ̀ dára bákan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ufotable, ló yà á. Àmọ́ ìgbaradì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Sáà pé, abala rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹnìkan tún dábàá “ìran àfikún” fún àwọn ìran tí wọ́n fi ń dúró de ìwé àwòrán (máńgà) tí wọ́n ti ń mú ìtàn, nígbà tí ánímè bá ti lé e bá. Rárá o. Àfikún ohun rere ni. Nínú Naruto àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìran 135, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé irú rẹ̀ nìkan la rí títí dé 220. Ẹmu tí wọ́n bomi là nìyẹn; ìran àbomilà ni kí á pè é. “Àbùlà” ìbá kúrú jù ú lọ, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn tó bá gbọ́ ọ, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni ọkàn rẹ̀ máa lọ.

Ẹ má sì túmọ̀ “ṣónẹ̀n” sí “eré ìjà”. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó túmọ̀ sí, ó ń sọ àwọn tí wọ́n tẹ ìwé náà fún. Haikyuu jáde nínú Weekly Shonen Jump, ìwé ìròyìn máńgà ṣónẹ̀n, fólíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo ń wá. Ní ìran 19 nínú sáà kìíní Kimetsu, bí Tanjiro, akọni ìtàn náà, ṣe rántí ijó iná bàbá rẹ̀, orin wọlé, àwòrán yí padà, ara mi bù máṣọ. “Orí mi wú” sọ ohun tó ṣe èmi. Kí la ó pe ibẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú eré?