Nǹkan oṣù mi tó dáwọ́ dúró ti padà

Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi rí nǹkan oṣù mi lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láràárọ̀ láti Aké dé ẹsẹ̀ Olúmọ, tí mo sì pa oúnjẹ alẹ́ tì. Àyẹ̀wò kọ́kọ́ fi hàn pé kì í ṣe oyún. Mo wá bi yín níbí pé kí ló fà á; ẹni tó dáhùn pé oúnjẹ mi ò tó eré tí mò ń sá ló gbà á. Dókítà náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo dín eré kù sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo padà sídìí ọ̀fadà àti ẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ keje ló dé, nínú ọjà Ìtòkú! Àdìrẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mo sáré ró. Omi atalẹ̀ dín inú rírun kù díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan oṣù náà ṣì ń pẹ́ kó tó dé: ọjọ́ 38 ló wà láàárín méjì tó kẹ́yìn. Ẹ ṣé o.