Ìwé kíkà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì: ibi tó ti wúlò àti ibi tó ti ń dáni lágara

Òbí kan, Ìgbógbó:
Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ tó ń wọ LASUSTECH, yunifásítì tó wà ní Ìkòròdú, ń sọ pé tábúlẹ́ẹ̀tì ni káwọn òbí rà, pé kò sẹ́ni tó ń gbé ìwé kiri mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "ó dáa" tàbí "kò dáa". Ẹ sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ẹ sọ ohun tó máa ń bà jẹ́ níbẹ̀.

Atúnfóònù-ṣe, Sábó Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun mà. Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú fáìlì tí ìwé ọmọ náà jẹ́. Méjì ló pọ̀ jù. EPUB a máa ṣàn bí omi: tẹ́ ẹ bá mú lẹ́tà tóbi, ìlà á tún ara rẹ̀ tò, kódà fóònù gan-an á kà á. PDF ní tiẹ̀ dúró gbagidi bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Hándáòtì yunifásítì, PDF ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bébà A4 ni wọ́n sì fi lélẹ̀ fún un.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21. Tábúlẹ́ẹ̀tì 7 íńṣì, tẹ́ ẹ bá gbé e dúró, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 9 àti díẹ̀ lọ. 8 íńṣì fẹ̀ tó bíi 11, 10 íńṣì tó bíi 13 àbọ̀. (Íńṣì tí wọ́n kọ sára páálí, láti igun dé igun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.) Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀n 12 yóò wá rí bíi 5 lórí 7 íńṣì, bíi 6 lórí 8 íńṣì, àti bíi 7 àbọ̀ lórí 10 íńṣì. Ta ni yóò fi lẹ́tà 5 kàwé ìdánwò? Bó bá dójú ẹ̀, ọmọ á máa fi ìka fẹ̀ ẹ́, á máa fà á sọ́tùn-ún, á máa fà á sósì ní gbogbo ìlà, títí ìwé náà á fi sú u.

Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Àwọn app ìkàwé ReadEra, Librera àti KOReader ní ibi tí ẹ ti lè ní kí wọ́n gé etí funfun ìwé náà dànù. Etí yẹn máa ń tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ́tùn-ún, méjì àbọ̀ lósì. Tó bá ti kúrò, lẹ́tà 7 àbọ̀ orí 10 íńṣì á di 10, ìyẹn sì ṣeé kà dáadáa. Lórí 8 íńṣì, á di bíi 8, ó ṣeé mú mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá dá tábúlẹ́ẹ̀tì 10 íńṣì dùbúlẹ̀, lẹ́tà á tóbi bó ṣe wà lórí bébà gan-an, àmọ́ ìdajì ojú ìwé lẹ ó máa rí lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà mà, bó bá jẹ́ ìwé ìtàn, 8 íńṣì tó, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ hándáòtì, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 10.

Ọlọ́jà ìwé, Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti íńṣì, wọn ò sọ ti iná. Ìwé bébà kì í béèrè ṣájà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Atúnfóònù-ṣe, Sábó Ìkòròdú:
Mò ń bọ̀ níbẹ̀, ìyá mi.

Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì 10 íńṣì máa ń tó 7,000 mAh (ìyẹn ni iye iná tó lè gbà). Ṣájà fóònù kékeré tí wọ́n kọ 5V 1A sí lára, á tó wákàtí mẹ́fà tàbí méje kó tó kún un, ìyẹn tẹ́ ẹ bá pa ojú rẹ̀. Tọ́mọ bá ń kàwé lórí ẹ̀ lásìkò yẹn, ìdajì iná tó ń wọlé ni ojú rẹ̀ ń jẹ, ìdí rèé tí wọ́n fi máa ń gbé e wá pé "kò gba ṣáájì". Kò sóhun tó ṣe é. Ẹ wá ṣájà 5V 2A, kókó iṣẹ́ náà nìyẹn.

Páwà báǹkì 10,000 mAh kò ní kún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ní 3.7V ni wọ́n ṣírò rẹ̀. Tó bá gun òkè sí 5V, iye náà á wálẹ̀ sí bíi 7,400, ooru á sì tún jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé àdúgbò tí wọ́n ti ń múná lọ fún ọjọ́ méjì, 20,000 ni kó rà.

Ohun tó ń pa bátìrì jù ni ooru. Apple fúnra wọn sọ pé ibi tí ooru rẹ̀ kò bá kọjá 35°C ni kí a ti máa lo iPad. Dásíbọ́ọ̀dù mọ́tò tó dúró sóòrùn ní ọ̀sán gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Abẹ́ ìrọ̀rí, nígbà tó wà lórí ṣáájì, burú bákan náà. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ń gbéra kúrò lára férémù, bátìrì ló wú yẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì ki ṣájà bọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ gbé e wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọdọ́gùnyàn:
Ẹ jẹ́ n fi ti oòrùn kún un. Lórí ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò lọ sí Èkó, tábúlẹ́ẹ̀tì ò wúlò lọ́sàn-án. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wá kéré sí oòrùn tó ń ta lójú ọ̀sà, ojú ara ẹni lèèyàn máa ń rí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e ga dé ìparí, bátìrì rẹ̀ á máa lọ wàràwàrà, tábúlẹ́ẹ̀tì á gbóná, yóò sì dín ìmọ́lẹ̀ náà kù fúnra rẹ̀ kó má bàa jóná. Àwọn kan tún wọ dígí oòrùn tó jẹ́ polarised, wọ́n wá rò pé ojú ẹ̀rọ ti kú, torí ó dúdú pátápátá. Kò kú. Ẹ yí i láti òòró sí ìbú, á tún hàn.

Ojú ẹ̀rọ E-ink ló yàtọ̀, irú èyí tó wà lára Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé Amazon, tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2007. Àwọn ègé dúdú àti funfun tíntìntín ni iná ń gbé sókè sódò nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti dúró sáyè wọn, wọn ò gba iná mọ́ títí tẹ́ ẹ ó fi ṣí ojú ewé míì. Ìdí nìyẹn tí ṣáájì rẹ̀ fi ń lo ọ̀sẹ̀, tí ti tábúlẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ wákàtí. Bí oòrùn ṣe ń mú sí i ló ń mọ́lẹ̀ sí i, bíi bébà. Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 6 tàbí 7 íńṣì, ìyẹn ni pé PDF A4 tí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé yẹn á fìyà jẹ yín níbẹ̀ ju ti tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Àwòrán aláwọ̀ kò sì ní hàn lórí ọ̀pọ̀ wọn.

Olùkọ́ Yorùbá, Ẹ̀pẹ́:
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́kàn yín. Ẹ jẹ́ á sọ ti ìwé Yorùbá, torí ibẹ̀ ni tábúlẹ́ẹ̀tì ti ń dójú tini jù.

Nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ kò ní: lẹ́tà dá wà, àmì ohùn dá wà, fọ́ǹtì ló máa gbé àmì náà lé lẹ́tà lórí nígbà tí ẹ bá ṣí ìwé. Bí fọ́ǹtì ò bá mọṣẹ́, àmì á yẹ̀ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí kékeré dúró síbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ àmì ohùn dáadáa, tó wá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ló ń há sórí.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ kọ ìlà yìí sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ ṣí i nínú app tí ẹ fẹ́ máa fi kàwé: ẹ̀kọ́, ọ̀ṣọ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ń, m̀. Ẹ mú lẹ́tà rẹ̀ tóbi gan-an. Àmì gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn orí lẹ́tà, àmì abẹ́ lẹ́tà ò sì gbọdọ̀ já. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí fọ́ǹtì sí Noto Serif tàbí Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Nínú KOReader, inú fódà tí wọ́n pè ní fonts lẹ ó ju fáìlì fọ́ǹtì náà sí, kẹ́ ẹ pa app, kẹ́ ẹ tún ṣí i, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yàn án.

Wíwá ọ̀rọ̀ nínú ìwé náà ní wàhálà tiẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ app, ẹni tó bá tẹ "oro" kò ní rí "ọ̀rọ̀", kò sì ní rí "oró". Ẹ lo kíbọọ̀dù Yorùbá, Gboard ní in.

Atẹ̀wé, Àgbádárìgì:
Olùkọ́ ti sọ òótọ́ tó ń ro mí lọ́kàn. Èyí tó burú jù ni àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pẹ̀lú àwọn fọ́ǹtì àdáni, nígbà tí Unicode kò tíì délé dóko. Wọ́n kàn gba àyè àmì míì, wọ́n ya lẹ́tà "ẹ" síbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní fọ́ǹtì náà, Yorùbá gidi lẹ ó rí. Gbé e sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó di àmì owó, àmì ìbéèrè, lẹ́tà àwọn Faransé. Kò sí fọ́ǹtì tuntun tó lè wo irú rẹ̀ sàn. Ẹ ní kí ẹni tó ni fáìlì náà sọ ọ́ di PDF lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, kó sì jẹ́ kí fọ́ǹtì wọnú PDF náà. Ẹ ó lè kà á, ṣùgbọ́n ẹ má gbìyànjú láti da ọ̀rọ̀ kọ látinú rẹ̀, ìdọ̀tí yẹn náà ni yóò jáde. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó pé, àtúntẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí òkun bíi tiwa, atẹ́gùn oníyọ̀ máa ń mú ihò ṣájà dípẹtà. Ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, kẹ́ ẹ fi igi ìtayín yọ ìdọ̀tí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ kọ́ o, irin á so ìkan mọ́ ìkejì. Tó bá sì já sínú ọ̀sà, ẹ má rì í sínú ìrẹsì. Ìrẹsì kì í fa iyọ̀ jáde, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má ki iná bọ̀ ọ́, kẹ́ni tó mọṣẹ́ tú u kó fi sípíríìtì fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọlọ́jà ìwé, Ẹ̀pẹ́:
Ṣé ẹ gbọ́ gbogbo làálàá yìí? Ìwé tó bá já sómi, ẹ sá a sóòrùn.

Àmọ́ mi ò ní ṣègbè. Ikán àti èbù ń jẹ ìwé bébà níbí gan-an, ẹni tó bá tò ó mọ́ ara ògiri tó ń yọ omi, ẹ̀ẹ̀rùn kan ò ní pé kó tó rí i. Ìwúwo náà ńkọ́? Ìwé ẹ̀kọ́ márùn-ún nínú báàgì ọmọ kọjá tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó wúwo tó ìdajì kílò. Ohun tí bébà fi gbayì ni pé ohun ìní ni. Ẹ lè yá ẹlòmíì, ẹ lè fi lé àbúrò lọ́wọ́, ẹ sì lè gbé e wá kí a rà á padà. Ìwé tẹ́ ẹ rà nínú app, àṣẹ láti kà á lẹ rà. Ní 2009, Amazon pa àwọn ìwé kan rẹ́ lórí Kindle àwọn tó ti sanwó wọn, lóòótọ́ wọ́n dá owó padà. Nílé wa níbí, OkadaBooks, app tí wọ́n ti ń ta ìwé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kógbá wọlé ní oṣù Kọkànlá 2023. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá wà nínú app nìkan, kó máa rántí ìyẹn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ta fáìlì EPUB tàbí PDF fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan sórí mẹ́mọ́rì káàdì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọdọ́gùnyàn:
Ìlà tẹ́ ẹ fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ ṣọ́ ọ. Nínú EPUB, inú app ló máa ń wà, tẹ́ ẹ bá yọ app kúrò, ó lè bá a lọ. Nínú PDF, app tí wọ́n ń pè ní Xodo máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì gan-an.

Nọ́ọ̀sì kan, Ẹ̀pẹ́:
Ní ti ojú: èèyàn kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ tó bá ń wo ojú ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń gbẹ tó ń ta. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Lálẹ́, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù kó má ju ti yàrá lọ. Ní ti òye: àkójọ ìwádìí 54 kan tó jáde ní 2018 rí i pé ohun tí à ń kà lórí bébà ń yéni ju ti orí ẹ̀rọ lọ díẹ̀, pàápàá tí àkókò bá há. Ìwé ẹ̀kọ́ lèyí kàn o. Lórí ìwé ìtàn, wọn ò rí ìyàtọ̀.

Òbí kan, Ìgbógbó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tó bá wá di ọjọ́ rírà ńkọ́, kí la máa yẹ̀ wò nínú ṣọ́ọ̀bù?

Atúnfóònù-ṣe, Sábó Ìkòròdú:
Mà, ẹ má gba páálí gbọ́. Àwọn kan ń kọ 512GB sára ohun tí kò tó 32. Ẹ ní kí wọ́n fi CPU-Z tàbí Device Info HW, app tó ń fi ohun tó wà nínú ẹ̀rọ hàn, sórí rẹ̀ níwájú yín, kẹ́ ẹ wo RAM (kó má dín sí 4GB) àti nọ́ńbà Android rẹ̀. Èké lè wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ o, torí náà ẹ kó fídíò ńlá sínú rẹ̀ títí tó fi kọjá 32GB, kẹ́ ẹ ṣí èyí tó wọlé kẹ́yìn. Tí kò bá ṣí, àyè tí wọ́n kọ yẹn ò sí níbẹ̀. Ìwé EPUB kan kì í ju 1MB tàbí 2MB lọ, PDF tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya fọ́tò rẹ̀ lè tó 100MB, nítorí náà 64GB tòótọ́ ju 512 irọ́ lọ fíìfíì.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé e lélẹ̀ lórí gíláàsì káńtà, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ igun rẹ̀. Tó bá ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, bátìrì ti ń wú. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ rọra mi wáyà. Tí ṣáájì bá ń já tó ń dé, ihò rẹ̀ ti jẹ. Ẹ ṣí hándáòtì PDF kan tí ó ní àwòrán, kẹ́ ẹ yí ojú ewé ogún léra léra. Ọlọ́jà tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó ná kẹ́ ẹ tó dán gbogbo èyí wò, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.